Ohùn Nashaly Nínú Orin Eliud

Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá péré ni ohùn náà. Bí ẹ bá wà ní Puerto Rico lọ́dún yẹn, kò sí ibi tí ẹ lè sá gbà fún un. Ó wà nínú mọ́tò, ó wà létí òkun, ó wà nílé búrẹ́dì. Ọmọbìnrin kan ló ń sunkún lórí fóònù, ìlù ò tíì wọlé, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ohùn rẹ̀: "Eliud, gbé e. Jọ̀ọ́, gbé e. Wá. Wá, mi ò lẹ́nì kankan." Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìlù á já lulẹ̀, gbìì, Eliud fúnra rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé òun ti lọ, òun ti rí ẹlòmíràn, kí ẹni tó ń pe òun gbàgbé nọ́ńbà òun.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ló ni ohùn yẹn. Nashaly ni orúkọ rẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Cataño, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ San Juan ti ń gbérò. Àga mẹ́ta, ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì, rédíò kan. Nashaly ló ń bá mi fọ irun oníbàárà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta; orin ló ń fi ọjọ́ tó kù ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù karùn-ún, orí obìnrin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ ti bò ó mọ́lẹ̀, ni rédíò bá gbé orin náà sí i. Brendalís tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì ló ni orí, kò sì mọ nǹkan kan. Ó la ẹnu rẹ̀ látibi tó dùbúlẹ̀ sí, ó bá a pariwo:

"Wá, mi ò lẹ́nì kankan!"

Àwọn yòókù gbè é. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Obìnrin yìí mà ò nítìjú o! Èmi, kí n máa bẹ ọkùnrin báyẹn? Ó sàn kí n bẹ ajá."

Mo wo Nashaly. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó ń fọ orí yẹn lọ, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, títí Brendalís fi kígbe pé, "Ọmọ dáadáa, rọra! Irun ni mo ní kí o fọ̀, mi ò ní kí o bó mi lórí."

"Ẹ má bínú, mà," ni Nashaly wí.

Mo pa rédíò. Gbogbo wọn bú mi.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Nashaly ò bẹ ọkùnrin kankan pé kó padà sọ́dọ̀ òun. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí gan-an.

Ọdún mẹ́rin ni òun àti Eliud Marcano fi fẹ́ra. Nígbà tí Eliud ò ní ibi tó máa gbé ẹ̀rọ tó fi ń ṣe orin sí, bàbá Nashaly, Don Cheo, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ló kó àwọ̀n ìpẹja rẹ̀ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, tó fi àwọn tìmùtìmù àtijọ́ bo ara ògiri kí ariwo má baà jáde, tó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Eliud. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ṣe orin wọn àkọ́kọ́. Don Cheo ò fẹ́ràn perreo, irú orin ijó tí wọ́n ń ṣe, rárá. Ó ní ìlù kan náà ni láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Eliud. Ọmọkùnrin ò sí nílé yẹn. Bí a bá ń jẹun lọ́jọ́ Àìkú, itan adìẹ tó tóbi jù, Eliud ló ń pa á mọ́ fún.

Orin Eliud gbéra. Ó ń lọ Miami, ó ń lọ Medellín. Nígbà tó yá, àwòrán òun àti obìnrin kan jáde, wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi funfun, wọ́n gbá ara wọn mú. Nashaly ò pariwo. Ó kó aṣọ Eliud sínú àpò dúdú tí a fi ń dalẹ̀ nù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, àbúrò Eliud wá gbé e. Ó ní òun ti parí tòun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkàn Don Cheo daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Dókítà kọ́kọ́ ní kò le, ni ìyá Nashaly, Àǹtí Carmín, bá sáré lọ sílé lọ mú aṣọ àwọ̀sùn ọkọ rẹ̀ wá. Ó wà lọ́nà nígbà tí nǹkan yí bírí. Nashaly nìkan ló kù ní ilé ìwòsàn. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀, ó ń pe Eliud, Eliud ò gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló pè é. Níkẹyìn ló wá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì dín díẹ̀ ni. Èyí tí gbogbo ayé gbọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyókù rèé, mo mọ̀ ọ́n lórí:

"Wá, mi ò lẹ́nì kankan níbí. Bàbá ń lọ, Eliud. Ìwọ ni wọ́n ń béèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ. Wọ́n ní, Eliud dà? Mo ní o ti wà lọ́nà. Jọ̀ọ́, má sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn."

Ẹ̀rọ kan ń dún, nọ́ọ̀sì kan ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ohùn ọkùnrin àgbà kan sì wọlé láti ẹ̀yìn, ohùn náà ti rẹlẹ̀: "Ṣé ó ń bọ̀?"

Àwọn tó gé ohùn yẹn gé e kó tó dé "níbí". Ibi tí wọ́n ti gé e yẹn, ọmọ tó ń pe ará ilé wá síbi tí bàbá ti ń kú lọ di obìnrin tí ọkọ kọ̀ tó ń ráhùn.

Eliud ò wá. Òdòdó ńlá kan ló fi ránṣẹ́ síbi ìsìnkú.

Nígbà tí Àǹtí Carmín fi máa gbé aṣọ àwọ̀sùn dé, Don Cheo ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi lọ. Ìyàwó rẹ̀ di Nashaly lápá mú, ó ní, "Kí ló sọ? Kí ló sọ kẹ́yìn?"

Nashaly ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè, Màmá. Wọ́n ní, 'Carmín dà?'"

Nígbà yẹn, èmi nìkan ni Nashaly sọ òótọ́ fún. Àǹtí Carmín gbé irọ́ yẹn bí ẹni gbé ẹyin. Ó sọ ọ́ fún àlùfáà, ó sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ ọ́ fún: "Èmi ló pè kẹ́yìn." Oorun tó ń sùn lálẹ́, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń sùn.

Ìyá kì í ṣì ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí orin náà kọ́kọ́ jáde ló ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò fi sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ẹ́ ṣeré lẹ́yìn máàsì," ó wí. "Wọ́n ń sunkún ẹ̀tàn, wọ́n ń ní, wá, wá. Ilẹ̀ ni mò ń wò."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun."

"Mi ò tọ́ ẹ kí o máa bẹ ọkùnrin. Ọkùnrin tó já ẹ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé! Mo dúpẹ́ pé bàbá ẹ ò gbọ́ ọ. Ojú ì bá tì í."

Nashaly la ẹnu. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá mo ń sọ fún un pé kó sọ̀rọ̀ ni tàbí kó dákẹ́. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé omi mu.

"Ẹ má bínú, Màmá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí Bọ̀dá Wilo fi dá sí i. Bọ̀dá Wilo ló ń gba orin Nashaly sílẹ̀, ní yàrá kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù táyà. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó ti wà nídìí perreo láti ìgbà tí ọlọ́pàá fi ń gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí wọ́n ní ìsọkúsọ ló kún inú rẹ̀. Nashaly jẹ́ kó gbọ́ gbogbo ohùn náà lọ́jọ́ kan tí ẹkún gbé e dé ibẹ̀. Látọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kó sinmi.

"Ohùn ẹ lọmọkùnrin yẹn fi ń jẹun," ó wí. "Jẹ́ ká mú kó bì í. A ò ní kọ nǹkan kan. A ò ní bú u. Ohùn yẹn la máa gbé sáfẹ́fẹ́, látòkèdélẹ̀, ìlù á wá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì, kò ní í lè ra búrẹ́dì ní gbogbo erékùṣù yìí."

"Bàbá mi wà nínú ẹ̀, Bọ̀dá Wilo."

"Torí pé wọ́n wà nínú ẹ̀ náà ni!"

Ó ní ìdí tó fi ń kán an lójú. Nínú orin tiwa, ẹni tí wọ́n bá fi orin bú tí kò fèsì, wọ́n á ní ó gbà. Ìlú ti mọ ẹni tó ni ohùn, torí wọ́n mọ̀ pé òun àti Eliud ti fẹ́ra rí, gbogbo èèyàn ló sì ń retí èsì. Bí ẹni fi epo síná, ìjọba ìlú tún wá fi orúkọ àwọn méjèèjì sí ìwé ìkéde kan náà fún ọdún Màríà ti Carmen ní oṣù keje: Nashaly ní aago márùn-ún, Eliud ní aago mẹ́jọ. Ọmọ ìlú ni méjèèjì, kí ló tún dùn tó ìyẹn? Brendalís ti wá mọ ẹni tó ni ohùn nígbà náà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ Nashaly, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì tọrọ àforíjì, ó wá fi ẹnu sí i létí: "Àmọ́ wàá bú u, àbí? Sọ fún mi, mi ò ní sọ fẹ́nì kankan." Ẹni tó bá sọ nǹkan fún Brendalís, kó yáa lọ sọ ọ́ ní rédíò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, Àǹtí Carmín sọ pé òun ń bọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì jáde lọ síbi orin.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni Nashaly wí.

"Mò ń bọ̀. Kí wọ́n rí i pé o ní ìyá."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbé ère Màríà yí etí omi po láàárọ̀, àwọn ọkọ̀ ti padà dé, òórùn bacalaíto, àkàrà ẹja, tí wọ́n ń dín ti gba gbogbo ojú títì. Ní nǹkan bí aago méjì, òòrùn ń yan ni bí ẹran. Bọ̀dá Wilo ń to ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Ó pe Nashaly sápá kan, mo sì wà níbẹ̀.

"Mo ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà," ó wí. "Gbogbo ẹ̀. Ìka kan ni."

Ojú Nashaly yí padà. "Ta ló ní kí ẹ gbé e sí i?"

"Kò sẹ́ni. Bí o ò bá fẹ́, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ẹ bínú lókè yẹn, ṣáà ti gbójú wò mí. Wò mí péré. Màá tẹ̀ ẹ́."

Nashaly yí padà, ó kọjú sí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì dúdú tí Eliud fi wá, tó wà lẹ́yìn ìtàgé. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó fẹ́ lọ gbá a létí ni, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀, òtútù mú bí inú fìríìjì. Eliud jókòó, ó wọ awò dúdú, kúlà omi wà níwájú rẹ̀. Máníjà rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Tirado, dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò.

"Nash," ni Eliud wí. "Mo mọ̀ pé wàá wá."

"Yọ ohùn mi kúrò lónìí. Màmá ń bọ̀."

Tirado rẹ́rìn-ín. "Ohùn yẹn ni orin náà, àbúrò. Bí a bá yọ ọ́, kí ló kù?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, sà."

Eliud nu ẹnu rẹ̀. "Èmi lo fi ránṣẹ́ sí. Mi ò dárúkọ ẹ. Ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, ohun tó bá dunni la fi ń kọrin. Ìwọ gan-an lo kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ ọ tán?"

"Kí ni?"

"Ohùn yẹn. Ṣé o gbọ́ ọ dé òpin?"

Eliud tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. O ń sunkún, o ní kí n padà wá. Inú ń bí mi nígbà yẹn, Nash, mi ò lè…"

Nashaly gbé fóònù rẹ̀ lé orí ìdérí kúlà, ó tẹ̀ ẹ́.

Mo ti gbọ́ ohùn yẹn nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí níwájú ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ìbẹ̀rẹ̀ kọjá, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Lẹ́yìn náà ni "níbí". Eliud gbé orí sókè. Nígbà tó dé "Bàbá ń lọ", ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Nígbà tó dé "Eliud dà?", bírò Tirado tó ń fi ta ìwé dákẹ́. Ohùn àgbà náà wá wọlé, ó béèrè bóyá ó ń bọ̀. Eliud na ọwọ́ sí fóònù bí ẹni tó fẹ́ dá a lóhùn. Ó tún fa ọwọ́ náà padà.

Ó parí. Níta, ẹnì kan ń dán ẹ̀rọ wò: ọ̀kan, méjì. Ọ̀kan, méjì.

"Ọjọ́ wo nìyẹn?" ni Eliud béèrè.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n kú."

"Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, Nash, mi ò mọ̀. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo pa á. Nígbà tí a ń wá nǹkan tí a máa fi síwájú orin, mo rántí ẹkún yẹn, mo…"

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. O gbọ́ ẹkún mi, o ò béèrè kí ló ń pa mí lẹ́kún. Orin lo rí níbẹ̀."

Tirado tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Ṣé ẹ fẹ́ gbé èyí síta ni? Ṣé ẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ wa ni?"

"Bí mo bá fẹ́ gbé e síta, ẹ ò ní rí mi níbí." Ó mú fóònù rẹ̀. "Màmá ò mọ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

A jáde. Eliud ò ṣèlérí nǹkan kan.

Aago márùn-ún lù. Àǹtí Carmín jókòó síwájú lórí àga tí a gbé wá látilé, aṣọ dúdú ni ó wọ̀ látòkèdélẹ̀, ó di àpamọ́wọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Wilo kí n lè máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Orin méjì lọ dáadáa. Nínú ẹ̀kẹta, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ẹ̀yìn: "Dá a lóhùn! Dá a lóhùn!" Ó di orin lẹ́nu wọn. Nígbà tí Nashaly parí ẹ̀kẹta tó dúró kó mí, ọkùnrin kan fi ohùn obìnrin kígbe pé, "Wá, mi ò lẹ́nì kankan!" Ẹ̀rín bú jáde ní gbogbo ojúde. Mo rí ọrùn Àǹtí Carmín láti ẹ̀gbẹ́. Ó le bí igi.

Ìka Bọ̀dá Wilo ti wà lórí bọ́tìnnì.

"Bọ̀dá Wilo, ẹ jọ̀ọ́," mo wí.

"Tó bá wò mí ni," ó wí láìgbójú kúrò lára Nashaly. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. "Tó bá ṣáà ti wò mí."

Nashaly dúró níbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ rìn lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí sí apá ọ̀dọ̀ wa, díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó ti tán. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ojú náà dúró sí.

"Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń dúró dè," ó sọ fún wọn. "Mi ò mú un wá."

Wọ́n hó lé e lórí. Èmi ò ní purọ́ fún yín pé wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n hó lé e lórí, ó sì kọ orin ẹ̀kẹrin láàárín ariwo yẹn, orin ijó lásán kan. Ohùn rẹ̀ ya ní ìlà àkọ́kọ́. Ó tún un mú. Àwọn obìnrin mẹ́fà kan tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bóyá torí àánú, bóyá torí pé ìlù náà dùn.

Bọ̀dá Wilo gbé ọwọ́ kúrò. "Òpè ọmọ," ó wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní òógùn ni.

A bẹ Àǹtí Carmín pé ká máa lọ sílé kí aago mẹ́jọ tó lù. Ó kọ̀. "Mi ò ní sá fún ọmọ tó jẹun lórí tábìlì mi. Kí ló kù níbẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́?" Mo ra alcapurria gbígbóná fún un pé kó jẹ, ó tutù sí i lọ́wọ́.

Eliud jáde. Ó kọ àwọn orin rẹ̀ yòókù, ṣùgbọ́n kò jó bó ṣe máa ń jó. Ó fi orin yẹn sẹ́yìn pátápátá. Iná kú, bí wọ́n ti máa ń ṣe é, kí ohùn náà lè dún nínú òkùnkùn. Nashaly di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Kò sí nǹkan kan. A gbọ́ òkun. Ó ti yọ ọ́.

Mo fẹ́ẹ̀ mí. Ni ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tí èèyàn mẹ́wàá gbà á, kí n tó mọ̀, gbogbo ojúde ti gbé e, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n gbé fóònù sókè, inú wọn ń dùn: "Eliud, gbé e! Jọ̀ọ́, gbé e! Wá! Wá, mi ò lẹ́nì kankan!"

Eliud na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Wọ́n rò pé ó ní kí wọ́n tún un ṣe ni. Wọ́n tún un ṣe, ó ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọdé wà nínú wọn, ìyá arúgbó wà nínú wọn. Ìlù já lulẹ̀, Eliud ò sì lè kọ ìlà àkọ́kọ́. Àwọn ló bá a kọ ọ́.

Mo rò pé Nashaly máa ṣubú. Ọwọ́ tó fi di tèmi mú ló kọ́kọ́ dẹ̀. Ó ń wo wọn, ó ń wo ẹnu wọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi ẹnu sí etí mi.

"Sístà," ó wí, "kì í ṣe tèmi mọ́."

Àǹtí Carmín dìde, ó ká àga rẹ̀. Ó ṣáájú wa lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó se kọfí, ó gbé ife mẹ́ta kalẹ̀. Ó jókòó, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí kò fi ohùn ẹ sí i lánàá?"

"Mo ní kó yọ ọ́."

"Lẹ́ẹ̀kan náà, ó yọ ọ́? Ọmọ olóríkunkun yẹn? Kí lo sọ fún un?"

Nashaly wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò tẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù sórí tábìlì.

"Màmá, mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ tí Bàbá kú."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àǹtí Carmín gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mira. Nígbà tí ohùn ọkọ rẹ̀ wọlé, ife tó ń gbé lọ sẹ́nu dúró lójú ọ̀nà.

"Tún ìparí ẹ̀ gbé."

Nashaly tún un gbé. Ó ní kó tún un gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbọ́ ọkùnrin yẹn tó béèrè bóyá Eliud ń bọ̀. Mi ò lè wo ojú àǹtí mi. Mo ń retí kó kígbe, kó da kọfí nù, kó lé wa jáde.

"Nítorí náà," ó wí níkẹyìn, "mo ń bú ẹ láti oṣù karùn-ún, o jókòó, o ń gbà á."

"Ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, Màmá. Irọ́ tí mo pa yẹn. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín."

Àǹtí Carmín gbá a léjìká, ó gbá a dáadáa, ó tún fà á mọ́ra, ó di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó yá, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí a máa ń rín sí aláìgbọràn.

"Cheo yìí! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kí ló fẹ́ pè mí ṣe? Ó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ẹni tó dájú pé yóò dé, ta ló ń pè é? Ẹni tí kò ní í wá ni èèyàn ń pè."

Eliud yọ ohùn náà kúrò nínú orin ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn bínú sí i, wọ́n ní ó ti ba orin jẹ́. Èyí tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ ṣì ń lọ káàkiri, títí dòní ni mo ṣì ń gbọ́ ọ lára mọ́tò tó bá kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wá sílé. Nashaly ò sí. Àǹtí Carmín fún un ní kọfí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹ́ kó sunkún tán, kò sì ní kó wọlé. "Mo ti dárí jì í," ó sọ fún mi, "ṣùgbọ́n inú ilé yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Nashaly ò béèrè ohun tó wá sọ. Ní oṣù kẹwàá, ó gba orin tuntun sílẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù táyà. Orin nípa obìnrin tó gbàgbé fóònù sílé, tó lọ sí etíkun, tó rí ọkùnrin kan tí kò mọ ijó jó. Àǹtí Carmín ní àfi kí òun gbọ́ ọ ká tó gbé e jáde. Ó gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, Bọ̀dá Wilo gbé àga fún un, ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rin bò ó létí. Ó gbọ́ ọ, ó fajúro.

"Ìlù náà dáa," ó wí. "Kí ni ọ̀rọ̀ tó wà ní ẹsẹ kejì yẹn?"

"Màmá, perreo ni."

"Mo mọ̀ pé perreo ni. Mo ní kí ni ọ̀rọ̀ yẹn?"

Nashaly sọ ọ́ sí i létí. Àǹtí Carmín bọ́ ẹ̀rọ etí rẹ̀ kíá, ó kọjú sí Bọ̀dá Wilo.

"Wilo! Ìwọ àgbàlagbà yìí, o jókòó síbí, o jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀?"

Bọ̀dá Wilo ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò sọ nù síbẹ̀. Àǹtí Carmín tún gbé ẹ̀rọ náà sí etí, ó ní kí wọ́n tún orin náà gbé látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa dé ẹsẹ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í dùn ún ti ń jó nílẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní lò ó ní ọdún Màríà o."